Ìmúra Ọdẹ́jáyì fún Ìgbafẹ́ Lórí Adágún Àìrídìí

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú, ẹ má fi fìlà dí àwọn ẹlòmíràn lójú. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó hú u tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti la ẹnu mi báyìí, n kì í dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, iṣẹ́ oko ti parí, ara mi sì yá. Èmi Ògúnṣọlá, tí mo ti wọ igbó tí igbó fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù láti wọ̀, èmi ni mo fẹ́ pìtàn fún yín nírọ̀lẹ́ òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi. Tèmi pọ̀ jù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tèmi, ẹ̀yin ni ẹ ó máa bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí ẹ relé. Ìtàn ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́jáyì ni, ẹni tí ojú rẹ̀ rí màbo nínú igbó iwin, bẹ́ẹ̀ sì ni ọba kọ́ ló rán an níṣẹ́, oògùn kọ́ ló sì ń wá. Ó kàn fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ ṣeré lórí omi ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò mọ Ọdẹ́jáyì nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọkùnrin tí ó dúró de ẹfọ̀n títí tí ó fi rí irun imú rẹ̀ ni. Ejò gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, kò mira. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé, omi ni. Kò mọ ìwẹ̀ odò rárá. Bí ó bá fẹ́ wẹ̀ nínú ilé pàápàá, á kọ́kọ́ fi ìka kan tọ́ omi inú garawa wò, á sì la ojú sílẹ̀ títí yóò fi wẹ̀ tán, ìbáà jẹ́ pé ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run, ọmọ etí omi ni ó lọ fẹ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èbúté Àrọ̀ ni, létí Adágún Àìrídìí. Adágún náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tí ó bá fẹ́ fò ó kọjá gbọ́dọ̀ di oúnjẹ dání.

Nígbà tí Ọdẹ́jáyì ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ó ṣèlérí fún un pé lọ́dọọdún ni òun yóò máa mú un lọ gbafẹ́ lórí adágún náà, pé wọn yóò jọ jókòó sínú ọkọ̀, wọn yóò ju ìwọ̀ sómi, wọn yóò sì máa jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ mọ bí ẹnu wa ṣe máa ń dùn lásìkò yẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó tán, ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ẹ̀yìn ìkórè dé, ó di ìgbà tí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú. Ọmọ já lẹ́nu ọmú, ó dàgbà, ó lọ gbé ìyàwó tirẹ̀, Ọdẹ́jáyì ṣì ń sọ pé ó di ẹ̀yìn ìkórè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè tí ó fi sọ̀rọ̀.

“Bàbá Kọ́láwọlé, mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi Omídìran pé kí ó wá mú mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ẹ kò tíì mú mi lọ sórí omi yẹn, màá bá a lọ sí Èbúté Àrọ̀, n kò sì ní padà wá mọ́.”

“Àwẹ̀ró, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló bí ọ nínú?”

“Kò sí ẹni tó bí mi nínú. Ó ti sú mi ni.”

Ká ní ó pariwo ni, Ọdẹ́jáyì ì bá rẹ́rìn-ín. Ká ní ó sunkún ni, ì bá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ló ń ṣà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ẹ̀rù tí ẹfọ̀n kò lè dá bà á wá bà á níjókòó. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an, kò fẹ́ kí ó lọ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ó ti ṣe àṣìṣe tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Ẹ mọ àṣà wa. Ọdẹ kì í sọ ibi tí ó ń lọ, aya ọdẹ kì í sì í bi í. Bí a bá ti sọ ọ́ jáde, ẹran á gbọ́, a ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ́jáyì wá rò ó pé òun yóò lọ múra ìgbafẹ́ náà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, bí ìgbà tí òun ń lọ dẹ̀gbẹ́. Yóò wá ìwọ̀, yóò wá ọkọ̀, yóò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni omi. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tò tán, nígbà náà ni yóò wá mú Àwẹ̀ró. Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ, ó dé fìlà, ó gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá láì sọ ohunkóhun. Àwẹ̀ró ń wò ó títí ó fi yà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin náà ti sá gba igbó lọ.

Láàárín ìlú wa àti adágún náà ni Igbó Kò-Sẹ́ni-Tó-Rán-Ọ wà. Èmi fúnra mi ti sùn níbẹ̀ rí. Mo hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn iwin fi wá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ là ń sọ.

Ọdẹ́jáyì ò tíì wọ inú igbó náà jìnnà tí ó fi fẹ̀yìn ti igi ńlá kan láti sinmi. Igi náà ní, “Kúrò lára mi.” Iwin olórí mẹ́ta ni, Kí-Lo-Wá-Ṣe lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bi èrò ní ìdí tí wọ́n fi wá. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò bá mọ́gbọ́n wá, ọbẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe.

Orí àkọ́kọ́ bú mọ́ ọn. “Ìwọ ènìyàn, kí lo wá ṣe?”

“Mò ń lọ sí Adágún Àìrídìí. Ẹja ni mo fẹ́ lọ pa.”

Orí kejì ní, “Ebi ń pa yín nílé?”

“Rárá. Ẹran ìgalà ṣì wà lókè ààrò wa.”

“Ṣé o fẹ́ lọ tà á lọ́jà ni?”

“Rárá o.”

Orí kẹta wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ parí ìjà. “Ọ̀rẹ́, ṣé ẹja kan ló ṣẹ̀ ọ́?”

“Kò sí ẹja tó ṣẹ̀ mí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ṣeré ni. A ó jókòó, a ó ju ìwọ̀ sómi, a ó sì máa wo omi.”

Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Iwin náà jókòó sílẹ̀ gbì, ìtẹ́ ẹyẹ ń já bọ́ láti orí igi. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti rí ẹni tó ń wá ọgbọ́n. Mo ti rí ẹni tó ń wá ìrù ẹranko fún ọba. Mo ti rí ẹni tó ń sá fún àna rẹ̀. Ẹni tó ń la igbó yìí kọjá nítorí eré, n kò rí i rí. Ìyá wa! Ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí ẹ wá wò ó!”

Gbogbo ìdílé iwin náà tú jáde. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ wà lórúnkún ká ṣòkòtò Ọdẹ́jáyì sókè láti wò bóyá ojú tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ kan já a léèékánná, ó ní ó dà bí ènìyàn gidi. Orí àkọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná. Orí kejì ní rárá, àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹni tó ń lọ ṣeré, ó lè fún àwọn ní inú rírun. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ọrùn kan ṣoṣo ni àwọn orí náà jọ ń lò, nítorí náà bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa wúkọ́.

Orí kẹta ló là wọ́n. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún un. Bí ó bá já a, kí ó kọjá. Bí kò bá já a, kí a sè é jẹ́jẹ́. Kí ni ohun tí à ń fi ojú méjèèjì wá, tí a bá rí i tán, a sọ ọ́ nù?”

Òógùn bo Ọdẹ́jáyì. Ó ronú kan owó, ó ronú kan ẹran, ó ronú kan ìyàwó, ó yára kúrò nídìí ìyẹn. Bí ó ti ń wò kiri, ó rí i pé orí kẹta ń ha ẹ̀yìn etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, ó ń ha á kíkankíkan.

“Iná orí!” ni ó ké.

Gbogbo iwin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ó já àlọ́, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ le fún un, nítorí wọ́n ní kò sí bí ẹni tó mọ iná orí tó báyìí yóò ṣe lọ láì bá àwọn yọ ọ́. Wọ́n mú un jókòó. Orí mẹ́ta, ẹ̀yin ará, orí mẹ́ta tí kò rí ìyarun láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Iná orí inú wọn tó ìgbín. Òmíràn dúró jà. Ọ̀kan gba fìlà Ọdẹ́jáyì, ó dé e, ó sì gba inú igbó lọ. Ìdí ìbọn ni ó fi pa àwọn tó tóbi jù. Nígbà tí ó parí, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣẹ́ omijé ayọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ti là fún un nígbà gbogbo, àti pé bí ó bá ń mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀, kí wọ́n yà kí àwọn.

Igbó náà já sí ìlú kan tí à ń pè ní Gbàmọ̀ràn. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá pàdé ìlú yìí lójú ọ̀nà, ẹ gba inú ẹ̀gún kọjá. Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ ohun gbogbo. Ọba wọn ń jẹ́ Mo-Ti-Sọ-Ọ́-Tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí wọ́n bá gbà ọ́ níyànjú láti mú dání, wọn yóò gbé e lé ọ lórí lójú ẹsẹ̀. Bí o bá sì sọ ọ̀kan kalẹ̀ láàárín ìlú, o di ìránṣẹ́ Kábíyèsí títí ayé.

Ọdẹ́jáyì, ẹni tí kò mọ̀, ló bá bi ọkùnrin kan léèrè ibi tí òun ti lè rí ìwọ̀ rà.

“Ìwọ̀ kẹ̀? Ẹja lo fẹ́ pa? Gbọ́, láìsí agbòjò, oòrùn á pa ọ́.” Ó gbé agbòjò lé e lọ́wọ́.

Obìnrin kan sáré dé. “Má dá a lóhùn. Àga ni ìpìlẹ̀ ẹja pípa.” Ó gbé àga kọ́ ọ lọ́rùn.

Òmíràn ní ẹja kì í jẹ ekòló tí kò bá ní ata, ó gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ fún un. Òmíràn ní dígí ló yẹ kí ó mú dání, kí ẹja rí ara rẹ̀ kí ó sì wá bèèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n gbé sítóòfù dé, wọ́n gbé ẹní dé, wọ́n gbé ìrọ̀rí dé nítorí ẹni tí oorun bá kùn. Wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀ kan dé, tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ké pé kí àwọn tó wà ní àdúgbò kejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n da ekòló kún garawa, wọ́n sì so ó mọ́ ọn níbàdí. Ọdẹ́jáyì kò ríran síwájú mọ́, kò sì ríran sẹ́yìn. Ó kàn gbọ́ tí Kábíyèsí ń sọ pé, “Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹrù á wúwo.”

“Kábíyèsí,” ni ó fi ohùn kékeré sọ láti abẹ́ ẹrù, “ta ló ti pẹja rí nínú yín?”

Inú bí gbogbo ìlú. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n ní kò lè jáde àfi bí òun náà bá gba ìlú níyànjú kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí. Ọdẹ́jáyì, tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ wọ inú àyà lọ, sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé.

“Ẹ dákẹ́.”

Ẹnu ya Kábíyèsí. Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí ní Gbàmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ó ní kí wọ́n gbé e lé ìlú lórí. Kí ni wọn yóò wá gbé? Àwọn ìjòyè wọ ilé lọ láti wá ohun tí ìdákẹ́jẹ́ dà bí. Wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn. Níbi tí wọ́n ti ń wá a, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè pàápàá ń wo inú àpò wọn. Ọdẹ́jáyì rọra fi ẹ̀yìn ti ẹnubodè ṣí, ó sì bá ẹrù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ń gbọ́ òórùn omi, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ gùn ún. Kì í ṣe pé ó rìn lọ bí ọmọlúwàbí. Ó já ewé, ó fi pa ara kí ẹja má baà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dojú kọ afẹ́fẹ́. Ó wá dojú bolẹ̀, ó ń fi àyà fà lọ sétí adágún, pẹ̀lú àga lọ́rùn, sítóòfù lẹ́yìn, garawa níbàdí, gbogbo rẹ̀ ń dún wọ́ngan-wọ́ngan. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi dìde.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ wá wo nǹkan tó ń bọ̀! Ṣé ìjàpá ni àbí ọjà?”

Àrọ̀ kan yọ orí jáde nínú omi, ó mi irùngbọ̀n rẹ̀. “Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé kí a bá yín sọ ẹrù yẹn?”

Ojú ti Ọdẹ́jáyì, ó dìde dúró, ó ń gbọn iyanrìn. Ìgbà náà ni ó rí Ìyá Olùṣọ́, ẹni tó ni Adágún Àìrídìí. Arúgbó ni. Ó jókòó sórí omi bí ẹni jókòó sórí ẹní, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ sórí ìgbì.

“Ọdẹ́jáyì, káàbọ̀. Gbogbo igbó ló ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá ṣeré. Ọkọ̀ wà, ààyè wà. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ fún mi, ìsàlẹ̀ omi yìí ni yóò ti máa bá mi gbẹ́ àjẹ̀ títí láé.”

Ọdẹ́jáyì wo omi náà. “Mo gbọ́, ìyá.”

“Afẹ́fẹ́ wo ni kí n fún yín?”

“Jẹ́jẹ́, láti ìhà ìlà oòrùn.”

“Ẹja ńkọ́?”

“Epìyà láàárọ̀, àrọ̀ bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀.”

“Ibo lẹ ó so ọkọ̀ mọ́?”

“Abẹ́ igi tó tẹ̀ sómi yẹn. Ibòòji wà níbẹ̀, ẹja sì máa ń sá fún oòrùn.”

Orí Ìyá Olùṣọ́ wú. “O mọ ìmúra. Ó ku ẹyọ kan. Kí ni yóò dùn mọ́ ìyàwó rẹ nínú níbẹ̀?”

Ọdẹ́jáyì gbé àyà sókè. “Yóò dùn mọ́ ọn láti máa wò mí bí mo ṣe ń pa ẹja.”

Ìyá Olùṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. Omi náà bá a rẹ́rìn-ín, ìgbì dìde, ó gbé Ọdẹ́jáyì àti ẹrù rẹ̀, ó jù wọ́n sáàárín àwọn tó ń yan ẹja, àwọn náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jáyì wọ́ ara rẹ̀ padà wá, ó tutù rìnrìn.

“Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ni ó bá rí àjẹ̀ kan tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà náà, tí kò sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Ó pa ẹnu dé. “Rárá, ìyá.”

“Kí ló wá sọ?”

“N kò bi í.”

“Ó kúkú mọ̀ pé o wà níbí?”

“Kò mọ̀. Àwa ọdẹ kì í sọ ibi tí à ń lọ.”

“Nítorí kí ni?”

“Kí ẹran má baà gbọ́.”

Ìyá Olùṣọ́ gbé àwọ̀n sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọdẹ́jáyì, ṣé ìyàwó rẹ ni ẹran tí o fẹ́ pa?”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé bí ìbọn bá yìn lẹ́bàá etí òun ni, kì bá dun òun tó bẹ́ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, ó mọ ọ̀nà tí ìgalà ń gbà lọ mu omi, ó mọ ibi tí ọ̀yà ń bímọ sí, kò sì mọ ohun tí Àwẹ̀ró fẹ́ràn lórí omi tí wọ́n ti bí i. Ó fẹ́ sunkún.

“Sáré,” ni Ìyá Olùṣọ́ wí. “Òjò Àkọ́rọ̀ ti gbéra lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Ìlú yín ló ń lọ.”

Ọdẹ́jáyì ki eré mọ́lẹ̀. Ó ju àga, ó ju ọlọ, ó ju sítóòfù, gbogbo ìmọ̀ràn Gbàmọ̀ràn ló ń fọ́n ká sójú ọ̀nà. Láìpẹ́ ó rí Òjò Àkọ́rọ̀ níwájú. Bàbá sànǹgbàlà kan ni, ikùn rẹ̀ kún fún omi, ó ń rìn ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọdẹ́jáyì kọjá rẹ̀ fìrì. Òjò náà bínú, ó ní ọmọ ènìyàn kì í ya òun sílẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ eré. Ilẹ̀ ń mì lẹ́yìn Ọdẹ́jáyì, ọrùn rẹ̀ ti ń tutù. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹrù Gbàmọ̀ràn ni agbòjò. Ó jù ú sẹ́yìn.

Òjò Àkọ́rọ̀ dúró. Kò sí ẹni tó jẹ́ kí ó sún mọ́ agbòjò rí. Bí ó bá ti dé, gbogbo ènìyàn a máa gbé e sá wọlé. Ó ṣí i, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ara rẹ̀. “Àṣé báyìí ni ó ṣe ń rí!” Ó ń yí i po, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti gbàgbé ibi tí ó ń lọ. Ọdẹ́jáyì fi í síbẹ̀. Nínú igbó, iwin olórí mẹ́ta ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ó ti ń kọjá.

Ṣùgbọ́n òjò kò pẹ́ lábẹ́ agbòjò tó bí Ọdẹ́jáyì ṣe rò. Bí ó ti ń wọ agbolé báyìí ni ìkán omi àkọ́kọ́ bọ́ lé e lórí tí kò sí fìlà. Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Omídìran ti gbé àpótí rẹ̀ sórí.

“Àna mi,” ni Omídìran wí, “òjò ti rọ̀.”

Ọdẹ́jáyì kò lè mí. Ó di òpó ilé mú, ewé wà lára rẹ̀, ekòló kan ń jó létí ẹ̀wù rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, odò yín ni mo lọ. Ọkọ̀ ni mo lọ wá. Mo yẹ kí n sọ fún ọ kí n tó lọ, n kò sọ. Jọ̀ọ́, kí ni o fẹ́ ṣe lórí omi yẹn?”

Òjò ń kán. Àwẹ̀ró wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹ bi mí,” ni ó wí. “Láti kékeré ni mo ti ń pẹja lórí adágún yẹn. Gbogbo èyí tí mo bá mú, ọjà ló ń lọ. Àwọn kan lẹ́wà, n kì í ráyè wò wọ́n tán. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn máa tukọ̀, kí èmi jókòó. Mo fẹ́ mú ẹja kan, kí n wo ojú rẹ̀, kí n sì jẹ́ kí ó máa lọ sílé rẹ̀.”

“Kí a jù ú sómi padà?” ni Ọdẹ́jáyì ké. Ọkùnrin yìí kò tíì jẹ́ kí eku kan lọ láyé rẹ̀. “Ó dára. Èmi ni n ó tukọ̀.”

“Ẹ̀yin? Lórí omi?”

“Èmi ni.”

Àwẹ̀ró bọ́ sínú òjò. “Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà. Bóyá n ó padà, bóyá n kò ní padà, orí omi ni n ó ti mọ̀. Bọ̀dá mi, ẹ gbé àpótí yẹn tẹ̀lé wa.”

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Iwin gbálẹ̀ ọ̀nà dè wọ́n, àwọn ọmọ iwin sì tẹ̀lé wọn dé ẹ̀yìn igbó, wọ́n ń pariwo pé àwọn tó ń lọ ṣeré rèé. Wọ́n gba inú ẹ̀gún yẹ Gbàmọ̀ràn sílẹ̀. Ìyá Olùṣọ́ fún wọn lọ́kọ̀, ó fún wọn ní ìwọ̀ àti ekòló, ó fún wọn ní afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́. Omídìran jókòó sórí àpótí létí omi, ó ń dúró de èsì.

Ọdẹ́jáyì wọ inú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ẹjọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan, kò ṣẹ́jú. Ó ń tukọ̀ yípo, etí omi kan náà ni wọ́n ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra, ni Àwẹ̀ró bá fi ọwọ́ hàn án bí wọ́n ṣe ń fa àjẹ̀. Wọ́n dé abẹ́ igi náà. Àwẹ̀ró fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi, ó sì na ẹsẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọdẹ́jáyì ń wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń wo omi.

Okùn fà. Àwẹ̀ró dìde lórí orúnkún, ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, títí tí epìyà kan fi yọ sókè, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn lára ìpẹ́ rẹ̀. Ẹnu Ọdẹ́jáyì kún fún omi. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti gún ata, ó ti gé àlùbọ́sà. Àwẹ̀ró rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà. Ó gbé e sókè, ó wò ó dáadáa, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó tẹ ọwọ́ méjèèjì sómi.

“Máa lọ sílé,” ni ó wí.

Ẹja náà ṣe ìrù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ. Ọdẹ́jáyì ń wo ibi tí ó wọ̀ lọ. Ó dùn ún dé egungun. Ó wá gbé ojú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ara rẹ̀, kò rántí ìgbà tí ó rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ló bá gbé ọwọ́ kan kúrò lára àjẹ̀, ó juwọ́ sí omi.

“Ó dàbọ̀ o,” ni ó sọ fún ẹja. “Kí wọn nílé.”

Àwẹ̀ró wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, tí Ọdẹ́jáyì fi dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, tí ó di ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mú, tí ó ń ké pé kí ó má pa àwọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó bi í láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, láì jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, ṣé wàá bá mi padà?”

Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀. Ó wo òkè, níbi tí ìkùukùu tún ti ń ṣú lọ sí ìhà ìlú wa, ó sì lu ọwọ́ pọ̀.

“Ẹ dìde, Bàbá Kọ́láwọlé, ẹ tètè tukọ̀! Mo gbàgbé láti ti fèrèsé yàrá. Òjò á ti rẹ ibùsùn wa!”

Èmi ti gún ọkọ̀ ìtàn mi sí èbúté, mo sì ti so ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé irọ́ ni mo pa, kí ó wọ igbó lọ bi wọ́n wò.